Alága àti Yàrá Tí Kò Rí Inú Rẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ bí ènìyàn ńlá ṣe ń di ènìyàn kékeré, kí ó fa àpótí sún mọ́ ibí. Ẹni tí ó bá jẹ́ ènìyàn ńlá fúnra rẹ̀, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án, àfi bí ó bá kàn án.

Alhaji Muqtadir Gbàdàmọ́sí ni alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ní Ilé Alágbàlá, ní Olówógbowó. Bí o bá pè é ní alága lásán, o ti ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó kọ sí ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ni ALÁGA ÀGBÀ, OLÙDÁSÍLẸ̀ ÌLỌSÍWÁJÚ, BÀBÁ ÌGBÀLÓDÉ. Ìlọsíwájú wo ni ó dá sílẹ̀? Má bèèrè. Gọ́tà tí ó dí níwájú ilé kí wọ́n tó yàn án, ó ṣì dí síbẹ̀. Ó kàn ti sanra sí i ni.

Àga kan wà ní ọ́fíìsì náà, aláwọ̀ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju orí Alága lọ. Alága kì í jókòó sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dáfídì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nù ún. Dáfídì yìí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta ìbòrí fóònù àti wáyà ní Ìdúmàgbò, òun sì ni alukoro ẹgbẹ́. Yóò yọ áńkáṣíìfù funfun, yóò nu àga náà láti orí dé ẹsẹ̀, yóò wá ní, "Àga ti ń retí yín láti àárọ̀, Alága."

Alága yóò ní, "Ó mọ ẹni tó ń bu iyì fún un."

Ìgbà náà ni yóò tó jókòó. Bí o bá ṣèèṣì wọlé nígbà tí ètò yìí ń lọ lọ́wọ́, wàá jáde padà, wọn yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí kọ̀ǹpútà, ó gba ẹnu ọ̀nà Zayd kọjá. Zayd jẹ́ ọmọ ilé, inú ọkọ̀ òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lè pẹ́ lójú omi kó tó wálé. Bí ó bá ń lọ, á ti yàrá rẹ̀. Ní Ilé Alágbàlá, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan yàrá ọmọ ilé tí ó wà ní ìrìn àjò. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ò ju pé ẹni tí ó bá ń gbá àgbàlá láàárọ̀ á gbá iwájú ilẹ̀kùn onítọ̀hún mọ́ ọn, kí ó má bàa dé bá pàǹtírí, kí ó sì mọ̀ pé ilé kò gbàgbé òun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayé àwọn baba wọn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Alága ń wá yàrá tí yóò máa gbàlejò. Ó pe ìpàdé sí àgbàlá.

Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Bí oòrùn ìgbàlódé ti ń yọ lórí Olówógbowó, ìbéèrè kan dìde, ó ń gbọn ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Kí ni à ń pè ní yàrá? Yàrá ni ohun tí a rí inú rẹ̀! Èyí tí a kò rí inú rẹ̀ ńkọ́?" Ó dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wọ́n lára. "Òfìfo ni!"

"Ẹ̀yin ni, Alága! Ẹ̀yin gan-an ni!" Dáfídì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Alhaja Àdíját, ìyá àgbà ilé náà, na ọwọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Obìnrin yìí ló máa ń jí gbogbo Olówógbowó fún sààrì rí. Bí ó bá gbé orin, ẹni tó wà lọ́nà Ìdúmàgbò á mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Kò sí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ nínú ilé náà tí kò fi orin kì tòun ti baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn ọ̀fun ti mú ohùn náà lọ. Ó ku sísọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó ní, "Muqtadir, ilẹ̀kùn ló tì. Ilẹ̀kùn tó tì kì í ṣe òfìfo."

Alága gbọ́. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n já àgádágodo Zayd, wọ́n da ẹrù rẹ̀ sí àgbàlá, òjò sì rọ̀ sórí mátíràsì rẹ̀. Wọ́n gbé àga ìgbàlejò wọlé. Àlejò kan kò wá.

Ó wá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Mariyah, ọmọ ilé tó wà lókè òkun, ló fi í ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Túnjí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adéníji Adélé ló tò ó fún wọn. Kọ̀ǹpútà kì í ṣiṣẹ́ láìní ètò tó ń darí rẹ̀, ètò náà sì pé oríṣi. Nítorí Alága ní Wíńdóòsì ni àwọn ènìyàn ńlá ń lò, Túnjí fi Wíńdóòsì sí i fún Alága. Nítorí Taslimah, akọ̀wé ẹgbẹ́, ní Línúsì ni òun fi kọ́ṣẹ́, ó fi Línúsì sí i fún òun náà. Bí o bá tan kọ̀ǹpútà náà, á bi ọ́ pé èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ wọ̀.

Taslimah yìí, ọmọ-ọmọ Alhaja Àdíját ni, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Kí àìsàn tó mú ohùn ìyá rẹ̀ àgbà, ó ti fi fóònù gba gbogbo orin rẹ̀ sílẹ̀: orin sààrì, orin ìsọmọlórúkọ, orin tó ń dárúkọ agboolé kọ̀ọ̀kan láti Olówógbowó dé Ìdúmàgbò. Fóònù náà ti bàjẹ́. Ìhà Línúsì nínú kọ̀ǹpútà ni ó kó wọn sí, ibẹ̀ nìkan sì ni wọ́n wà. Ó ti bẹ ẹgbẹ́ títí kí wọ́n ra dírááfù tí yóò ṣe ẹ̀dà wọn sí. Wọ́n rà á. Alága kó fídíò ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kan, Alága bá Taslimah níbi tó ti ń tẹ ìwé jáde. Ọ̀rọ̀ tí Alága fúnra rẹ̀ kọ fún Ọjọ́ Àdúgbò ni.

"Taslimah, níbo lo ti rí ọ̀rọ̀ mi?"

"Ní ìhà tiyín ni, Alága. Tí mo bá wà ní Línúsì, mo ń rí Wíńdóòsì láti ibí."

"Ìwọ ń rí tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi náà ń rí tìrẹ láti ìhà tèmi?"

"Rárá o, Alága. Wíńdóòsì ò lè rí tiwa."

Ẹ ò rí nǹkan! Akọ̀wé ń rí inú yàrá Alága, Alága kò rí inú yàrá akọ̀wé! Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Kò lè jẹun ọ̀sán. Ìdajì àwo ìrẹsì ló jẹ, ẹran méjì péré ló sì fi tì í. Ó ránṣẹ́ pe Túnjí.

Túnjí ní, "Ọ̀gá mi, ẹ wò ó bí agboolé. Dísìkì yẹn, ilé kan ṣoṣo ni, mo wá pín in sí yàrá. Àwa ń pè é ní pátísọ̀n. Wíńdóòsì ní tirẹ̀, Línúsì ní tirẹ̀. Línúsì gbọ́ èdè Wíńdóòsì, ó lè wọlé kí i. Wíńdóòsì ò gbọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pín yàrá kan sí àárín tí àwọn méjèèjì ń lò. Àgbàlá nìyẹn. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kí Taslimah rí, ẹ gbé e síbẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ kí ẹ rí, òun náà á gbé e síbẹ̀. Ìjà ò sí."

"Kí ó kó orin náà sí àgbàlá, kí n rí i."

"Orin pọ̀, àgbàlá kéré. Kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lè fẹ̀ ẹ́ sí i."

"Èmi Muqtadir, kí n máa bá akọ̀wé pàdé ní àgbàlá bí ẹni tó wá fa omi?"

"Alága, ṣebí gbogbo wa la jọ ń lo àgbàlá. Ẹ kàn ṣe mí lóore kan. Tí Wíńdóòsì bá dé ẹnu ọ̀nà Línúsì, ó máa ní òun fẹ́ ṣe fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Ẹ má gbà o! Yàrá yẹn ò ṣófo. Wíńdóòsì ni ò mọ̀ ọ́n kà."

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n kà?"

"Wíńdóòsì ni, sà."

"Mo rò pé èmi lo ń bá wí."

Alága lé e jáde. Ìmọ̀ràn tí kò bá yìn ín, àrífín ni lójú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ orin náà fi kan ipò Alága gan-an. Ọjọ́ Àdúgbò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àlejò ń bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀. Alága fẹ́ kí wọ́n fi òun jẹ Alága Títí Láé lọ́jọ́ náà, kí ìdìbò má tún yọ òun lẹ́nu mọ́. Àwọn àgbà ilé ní àwọn gbà, bí ó bá lè ṣe ohun kan: kí ohùn Alhaja Àdíját tún dún nínú àgbàlá. Alága lu àyà. Ó ní, "Èmi ni yóò dá ohùn padà fún Alhaja!" Ohùn tí Taslimah ti tọ́jú pamọ́ kí Alága tó dórí àga, ó wá di òun ni yóò dá a padà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, Taslimah ti lọ ra kánfásì tí wọn yóò fi bo àgbàlá. Alága àti Dáfídì nìkan ló wà ní ọ́fíìsì. Alága fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí inú yàrá Línúsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Dáfídì nu àga. Àga ti ń retí láti àárọ̀. Ó nu máòsì pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ ńlá ni.

Dáfídì ń ta wáyà, nítorí náà ó gbà pé òun mọ ohun gbogbo tí wáyà bá wọ̀. Ó wá ibi tí Wíńdóòsì ti ń to dísìkì rí. Yàrá Línúsì wà níbẹ̀ gbagidi, kò lórúkọ. Ó fún un lórúkọ, ó sì kan ilẹ̀kùn. Ìwé kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà.

"Kí ló wí?"

"Ó ní a ò lè lo ibí yìí àfi tí a bá ṣe fọ́ọ̀mátì rẹ̀, Alága."

"Irú kí nìyẹn?"

"Ó dà bí ìgbà téèyàn gba yàrá tuntun, tó wá kùn ún lọ́dà."

"Ìlọsíwájú nìyẹn! Òmíràn tó yọ yẹn ńkọ́?"

Dáfídì kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ó ní... ó ní ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ máa parẹ́."

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"N ò rí nǹkan kan, Alága."

"Ohun tí a kò rí inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Òfìfo ni, Alága! Ẹ̀yin ni!" Dáfídì na ìka láti tẹ̀ ẹ́.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò! Ohun tó máa wọ inú ìtàn ni o fẹ́ fi ọwọ́ wáyà tẹ̀?"

Alága ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó na ìka tí òrùka wà, ó kọjú sí fóònù Dáfídì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ ẹ́. Dáfídì ya fọ́tò. Kò pẹ́, yàrá náà ṣí sílẹ̀, ó fẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Alága fò sókè lórí àga. "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i? Kí ni mo sọ? Ó ṣófo!"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ọgbọ́n. Ọkùnrin da omi inú ìkòkò nù tán, ó yọjú wo inú ìkòkò, ó ní, ṣebí òun ti sọ pé kò sí omi níbẹ̀.

Ti orin Alhaja, Alága ní akọ̀wé á ti kó o pamọ́ síbòmíràn. Yàrá kì í dára kó má lẹ́rù. Wọ́n kó fọ́tò Alága wọ ibẹ̀: Alága ń gé rìbọ́ọ̀nù, Alága ń na ìka sí gọ́tà, Alága àti àgbò Iléyá, tí àgbò náà kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Alága pàṣẹ pé kí wọ́n má pa kọ̀ǹpútà títí di ọjọ́ kejì, kí àwòrán òun lè máa ṣọ́ àdúgbò. Dáfídì fi fọ́tò ìka Alága sí orí Wọ́sáàpù àdúgbò, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: ALÁGA ṢÍ YÀRÁ TUNTUN FÚN ÌLỌSÍWÁJÚ WA. Àwọn ènìyàn fi ọwọ́ àdúrà sí i. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣàmín sí.

Sátidé pé. Àgbàlá kún dé ẹnu kànga. Àlejò ìjọba ìbílẹ̀ jókòó níwájú, Alhaja Àdíját wà nítòsí wọn, ó wọ aṣọ funfun, ó bo orí. Láti àárọ̀ ni kò tíì sọ̀rọ̀. Ó ń tọ́jú etí rẹ̀ de ohùn ara rẹ̀.

Alága dìde. "Ẹ̀yin ọba ọ̀la, ẹ̀yin òpómúléró àná! Àwọn kan gbẹ́ kànga, àwọn kan kọ́ mọ́ṣáláṣí. Èmi ńkọ́? Èmi dá ohùn padà fún ẹni tí kò lóhùn! Bí ikú bá bèèrè ohùn Alhaja, ẹ sọ fún un pé ó wà lọ́wọ́ Muqtadir!" Bó ṣe bá a lọ nìyẹn títí omi inú ìgò àwọn àlejò fi gbóná. Lẹ́yìn náà ó juwọ́ bí ọba. "Akọ̀wé! Ṣí i!"

Taslimah pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn kí ó lè wọ ìhà tirẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń tàn sórí aṣọ funfun ńlá tí wọ́n ta sára ògiri, ṣókùnkùn. Kọ̀ǹpútà kò bèèrè èwo nínú méjèèjì. Ìlà kan ṣoṣo ló kọ. Àlejò kan tó wọ jígí kà á sókè, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà: "Ó ní kò sí pátísọ̀n bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀!" Alága ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Túnjí ti já dé iwájú. "Kí lẹ ti sọ, Alága? Ta ló ṣe fọ́ọ̀mátì?"

Ẹnìkan mú fóònù jáde ní ẹ̀yìn, ẹlòmíràn mú tirẹ̀ jáde, kò pẹ́, gbogbo àgbàlá ń wo ìka kan pẹ̀lú òrùka. Dáfídì ká áńkáṣíìfù rẹ̀, ó fi nu iwájú orí ara rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò fi nu ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Taslimah ní, "Alága, ohùn ìyá wa ló wà níbẹ̀! Wọn ò sọ fún yín? Túnjí ò sọ fún yín?"

"Ohùn wo? Mo wọ ibẹ̀, n kò rí nǹkan kan! Dáfídì, ṣé a rí nǹkan kan?"

Dáfídì ní, "Alága, èmi ò sí níbẹ̀ dáadáa."

Alhaja Àdíját na ọwọ́, wọ́n gbé máìkì fún un. Ó gbé e sún mọ́ ètè títí ó fi kàn án.

"Muqtadir. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, orí ẹní ni ìyá ẹ jókòó sí, níbi tí o dúró sí yẹn. Èmi ni mo kì ọ́. Mo kì baba ẹ, mo kì baba tó bí i. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ nínú ilé yìí àfi èmi, èmi náà ò sì lè gbé e mọ́. Ó wà níbẹ̀." Ó mí. "Ṣé òfìfo ni?"

Alága la ẹnu. Ẹnu náà ṣófo, gbogbo ènìyàn sì rí inú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Alága Títí Láé mọ́. Àwọn àlejò ní àwọn ní ìpàdé níbòmíràn. Kí àkókò ìrun Àṣàámù alẹ́ ọjọ́ náà tó pé, Alága ti ti ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ sọ́dọ̀ àna rẹ̀ ní Ìlọrin. Ó ní òun lọ gba afẹ́fẹ́. Ó gbà á pẹ́.

Túnjí gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Adéníji Adélé. Ó sọ fún wọn pé ìrètí wà: bí wọ́n bá kun yàrá, ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà ṣì lè jáde, àfi ibi tí wọ́n bá ti gbé ẹrù mìíràn lé. Ọ̀pọ̀ orin náà padà. Orin sààrì padà, Alhaja sì ń mi orí sí i bí ó ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dé orí orin ìsọmọlórúkọ Muqtadir, ohùn náà gbé e sókè, ó ní, "Muqtadir, ọmọ..." ó sì gé. Wọ́n wo ohun tó wà ní ojú ibẹ̀ báyìí. Fọ́tò ni. Alága àti àgbò Iléyá.

Zayd dé láti orí òkun láàárín ìgbà náà. Ó bá àga ìgbàlejò nínú yàrá rẹ̀, ó bá mátíràsì rẹ̀ tó ti hu olú. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn bèèrè ibi tí Alága wà. Wọ́n ní Alága kò sí nílé, ó sì ti ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn àgbà pe ìpàdé ní àgbàlá. Ìpàdé náà kò gùn, torí òfin tí wọn yóò lò ti wà nílẹ̀.

Nígbà tí Alhaji Muqtadir padà dé, ó bá ọ́fíìsì ní ṣíṣí. Àkọlé ẹnu ọ̀nà ti lọ. Àga pupa rẹ̀ wà ní àgbàlá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ gbogbo, wọ́n fi kánfásì bò ó dáadáa kí òjò má bàa pa á. Ó sáré wọ ọ̀dọ̀ Alhaja Àdíját.

"Alhaja! Ta ló já ilẹ̀kùn mi?"

Alhaja sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó tì, Muqtadir. A yọjú, a ò rí inú ẹ̀. A ní òfìfo ni."

Ó jáde sí àgbàlá, ó ká kánfásì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu àga náà, ó jókòó. Túnjí ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábẹ́ apá, ó ń gbé e padà sí ọ́fíìsì.

"Túnjí, dúró ná. Ohun tí wọ́n bá ti pa rẹ́, ṣé ó ṣì ṣeé gbà padà?"

"Ó ṣeé gbà, sà. Tí wọn ò bá tíì gbé nǹkan mìíràn síbẹ̀."

Láti inú ọ́fíìsì, wọ́n gbọ́ ohùn Dáfídì: "Àga ti ń retí yín láti àárọ̀, Alága!" Wọ́n sì gbọ́ ohùn Zayd: "Gbé áńkáṣíìfù ẹ kúrò lójú mi, jàre. Lọ mú ṣọ́bìrì, gọ́tà là ń lọ kó."

Túnjí wo ilẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Taslimah ti ń gbálẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kànga. Ó gbá ẹnu ọ̀nà Zayd, ó gbá ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ àgbà, ó dé ọ̀dọ̀ àga pupa. Ó dúró.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀."

Alhaji wò ó bóyá yóò pè é ní Alága. Kò pè é. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì gbé e dúró bẹ́ẹ̀. Taslimah wá rọra gbá iwájú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbá iwájú ẹni tí kò sí nílé.